Ọkọ̀ Eré-Ìje Lójú Ọ̀nà Ibi Iṣẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa gbé ọkọ̀ eré-ìje lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀nà tí yóò máa gbà ni kí ó kọ́kọ́ rò. Ẹ jẹ́ kí a wo Corvette Stingray ti ọdún 2014, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà 8. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ìjọba ibẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀ ń jẹ epo bíi lítà 14 fún 100 kìlómítà láàárín ìgboro, ṣùgbọ́n bíi lítà 8 péré ní òpópónà márosẹ̀. (Jíjẹ ni Yorùbá ní ọkọ̀ ń jẹ epo, ti èyí kò ní àbùlà.)

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Bí eré bá ti dúró sójú kan, agbára díẹ̀ ni ó tó láti máa tì í lọ; ẹ́ńjìnnì náà tilẹ̀ lè fi sìlíńdà 4 sinmi. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ńkọ́? Gbogbo eré tí a fi epo rà ni bíréèkì ń sọ di ooru lásán. Ẹni tí ń rin 200 kìlómítà lọ́sẹ̀ yóò ra lítà 28 bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìgboro, lítà 16 bí ó bá jẹ́ márosẹ̀. Èmi kò bá ẹni tí ó gba márosẹ̀ wí. Àmọ́ epo tí ó wọ́n jù ní ilé-epo ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ní kí a máa rà sí i.