Ọ̀rọ̀ Alága: Sísin Abo Adìẹ fún Títà

 Àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Kàdúná ń béèrè òwò tí wọ́n lè fi owó àjọ ṣe láìkúrò nílé. Abo adìẹ ni a fẹ́ sọ: ká ra ọmọ ọlọ́jọ́ kan, ká tọ́ ọ di ọ̀sẹ̀ 16, ká tà á fún ẹni tó ń fẹ́ ẹyin.

Ẹ fún wọn ní àjẹsára lúkúlúkú lásìkò, kí ibùsùn wọn sì móoru nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ gan-an ló ń jẹ èrè. Kí adìẹ kan tó pé ọ̀sẹ̀ 16, á ti jẹ bíi kílò 5. Ọgọ́rùn-ún adìẹ á jẹ bíi àpò 20, àpò kílò 25.

Ní oṣù kejì ọdún 2006 tí àrùn adìẹ bẹ́ sílẹ̀ ní Jàjí nítòsí wa, adìẹ 120 ló ti tó tà lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan kò ṣàìsàn nínú wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ rí adìẹ sójú. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi jẹun sí wa lọ́rùn. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yé, ẹyin náà kò rí oníbàárà. Èrè lọ, ojú owó tẹ̀ lé e. Owó àjọ ìyàwó wa wà níbẹ̀. Ọdún kan gbáko la fi san án.

Láti ìgbà náà, a kì í ra ọmọ adìẹ àfi tí oníbàárà bá ti san àsansílẹ̀. Ẹ fi 50 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo tiwa, kó yà sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.