Ẹ Má Gbàgbé Ẹni Ìkẹyìn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ń yọ̀ǹda ara mi fún láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì: fọ́tò yíyà níbi tí àwọn ọ̀dọ́ bá ti ń fi kẹ̀kẹ́ díje lórí òkè àti ní ọ̀nà oko. Mo rí àwọn kan tí ń rẹ́rìn-ín pé kí ló kan arúgbó níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ó kàn wá.

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe Raleigh tí àwọn tíṣà wa ń gùn wá sí ilé-ìwé. Táyà rẹ̀ nípọn, ó lè gba orí òkúta àti inú yanrìn. Ní California, lÁmẹ́ríkà, ní October 21, 1976, àwọn ọ̀rẹ́ kan kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè ní Marin County, wọ́n sì ń bá ara wọn díje wá sísàlẹ̀. Bíréékì a máa gbóná débi tí gíríìsì inú rẹ̀ yóò jó tán, wọ́n á sì tún fi òmíràn sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe eré náà ní Repack. Obìnrin kan wà láàárín wọn, Wende Cragg, tí òun náà ń gun kẹ̀kẹ́, tó sì ń gbé kámẹ́rà dání. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yà, kò sí iléeṣẹ́ ìròyìn tó rán an níṣẹ́. Eré náà wọ ìdíje Olympics ní Atlanta ní 1996. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ fojú rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, fọ́tò Wende ni yóò wò.

Àwa ará Ìlọrin mọ ìwúlò ẹ̀rí. Òkúta tí ìtàn sọ pé wọ́n fi ń lọ irin, òun la fi ń ṣàlàyé fún àlejò bí ìlú wa ṣe gba orúkọ. Ẹ wá wo ti kẹ̀kẹ́. Ní Paris, ní August 2024, ọmọ wa Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà nínú eré kẹ̀kẹ́. Ó kù díẹ̀ kí eré inú pápá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sọ fún un pé yóò kópa níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ ikọ̀ Jámánì ló ti yá ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síta, tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí ń fi kẹ̀kẹ́ àyálò sáré nílùú òyìnbó, ǹjẹ́ kò yẹ kí àwa tó wà nílé lè fi fọ́tò hàn pé báyìí ni irú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ máa sọ pé ẹ ò mọ fọ́tò yà. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Nígbà tiwa, fíìmù kan kò ju 36 lọ, a sì ń ṣọ́ ọ ná. Fóònù tó wà lápò yín lónìí yóò ya ọgọ́rùn-ún kó tó di ọ̀sán. Ẹ lọ dúró sí ẹ̀bá títì ní Tánkẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kadà ṣe ìdánrawò. Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ òkò rẹ̀: ẹ máa yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì dúró lójijì. Bí kámẹ́rà yín bá gba ìṣètò, ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá yóò mú kí kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi nínú fọ́tò. Ìdá kan nínú 60 yóò mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa sáré, bí ọwọ́ yín bá tẹ̀ lé e dáadáa. Ẹni tó ti ya ẹlẹ́ṣin rí nígbà ọdún Iléyá ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ní orí òkè, ibi tí wọ́n ti ń gùn ún lọ sókè ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró sí. Kẹ̀kẹ́ kì í yára níbẹ̀, ojú ẹni náà sì ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rí. Kámẹ́rà a máa sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí igi kan tó dúró ṣánṣán hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ènìyàn lè mọ bí ó ti ga tó. Ẹ lo òwúrọ̀, kí oòrùn tó kanrí. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà léraléra.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nìyí. Ní July 3, 1994, nínú Tour de France, ọlọ́pàá kan tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀nà ní Armentières yọ sójú ọ̀nà láti ya fọ́tò. Wilfried Nelissen forí sọ ọ́, Laurent Jalabert náà ṣubú, ó sì fara pa gidi. Kámẹ́rà ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí fọ́tò tó tó eyín ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má kọjá okùn tí wọ́n ta. Níbi kọ́nà, inú ni kí ẹ dúró sí, nítorí ẹni tí eré bá gbé, ìta ló ń lọ. Ẹ má tan iná kámẹ́rà sójú wọn. Bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ tó wá ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ apá Òkè Sóbì ni, bárékè sójà wà nítòsí, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Ọmọ kékeré ńkọ́? Ẹ bi òbí rẹ̀ kí fọ́tò rẹ̀ tó jáde.

Ohun tí mo torí rẹ̀ wá gan-an ló kù. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò yà á. Ẹni tó kẹ́yìn ńkọ́? Nígbà tó bá fi máa dé, wọ́n ti ń ká àga. Èmi a máa dúró dè é. Ẹ kọ nọ́ḿbà tó wà níwájú kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí fọ́tò lè dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní èyí: nígbà tí ẹ bá ń pe orúkọ ní kíláàsì, ẹ kì í dá a dúró lórí ẹni tó mọ̀wé jù.

Ẹgbẹ́ wa pọ̀, fóònù wa sì pọ̀. Mo ń wá ẹni márùn-ún tí yóò bá mi jáde nígbà tí àwọn ọmọ bá tún fẹ́ díje. Omi mímu, fìlà àti sùúrù nìkan ni kí ẹ mú wá. Ẹni tó bá ṣetán, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ.