Bí Dókítà Bá Ní Kí Á Gé Ọmú Ìyá Wa
(Ọ̀rọ̀ tí Alága sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Kánò)

Aṣọ ni mo ń tà ní Sábọ́n Gàrí, n kì í ṣe dókítà. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ni, mo sì ka ìwé kún un.

Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìyá nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin. Ìyá á rí kókó lọ́mú, kò ní dùn wọ́n, wọn ò ní sọ. Nígbà tí wọ́n bá sọ, ọmọ tó wà ní Kánò á pe ti Jọ́ọ̀sì, ti Jọ́ọ̀sì á ní kí á dúró de ẹ̀gbọ́n l'Ékòó. Mo mọ ìdílé kan tó fi oṣù méje ṣèpàdé lórí fóònù. Kókó tó dà bí èkùrọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti di egbò kí wọ́n tó fẹnu kò. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹ̀gbọ́n.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án, kí dókítà fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá họ́mọ́ònù ló ń bọ́ ọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn oníhóró bíi tamoxifen, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa ń jẹ́ kó ṣòro fún un láti padà wá.

Ṣé dandan ni kí wọ́n gé gbogbo ọmú? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Ítálì, tí àbájáde 20 ọdún rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé bí kókó bá ṣì kéré, ẹni tí wọ́n yọ kókó rẹ̀ nìkan, tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú, máa ń pẹ́ láyé bí ẹni tí wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán yẹn níṣòro: ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, ojoojúmọ́ àfi òpin ọ̀sẹ̀, ní ìlú tí ẹ̀rọ wà, bí èyí tí wọ́n ṣí ní LUTH l'Ékòó ní 2019. Ìyá ẹni 70 ọdún tí kò níbi tí wọ́n lè dé sí l'Ékòó lè ní kí wọ́n kúkú gé e tán. Ẹ̀tọ́ wọn ni. (Bí ó bá ti tóbi tàbí tó ti dé abíyá, dókítà ṣì lè ní kí wọ́n gba ìtànṣán lẹ́yìn gígé.) Àwọn kan tilẹ̀ ń fi orúkọ àrùn pamọ́ fún ìyá. Ọmú ta ni wọ́n fẹ́ gé?

Ṣé ìyá á yè? Ibi tí àrùn dé ló ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Bí ó bá ṣì wà lọ́mú, ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Bí ó bá ti dé egungun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, gígé ọmú kò lè lé e jáde mọ́; oògùn ni wọ́n fi ń dín ìrora kù, kí ọjọ́ lè gùn. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín.

Bí òkú bá kú, ẹgbẹ́ wa ń dá owó kó tó di ọjọ́ kẹta. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀ nínú àpò ìrànwọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ìyá rẹ̀ rí kókó lè yá a láìsí èlé, kó san án láàárín oṣù mẹ́fà. Akápò ní owó ò tó. Mo ní kí á fi ankará ọdún yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á dìbò lé e lórí kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wọlé.