Lẹ́tà Tí Grant Kọ Kó Tó Gbéra

  Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń jáde nílé-ìwé, lẹ́tà kan ni mo fẹ́ fi sìn yín dé ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1864, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti ń lọ bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gágun Ulysses Grant láti Nashville wá sí Washington, kí Ààrẹ Lincoln lè fi í ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò gbéra. Ẹrù ni ẹlòmíì ì bá máa dì. Grant jókòó, ó kọ̀wé sí William Sherman, ọ̀gágun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọgbọ́n àti akitiyan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òun ló gbé òun dé ibi tí òun dé, àti pé nínú gbogbo wọn, Sherman àti James McPherson ni ọpẹ́ òun tọ́ sí jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀gá ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ yẹn o!

Ọjọ́ 10 oṣù náà ni Sherman fèsì. Ó ní Grant ti bu ọlá fún àwọn jù. Ó ní níbikíbi tí òun bá wà, òun mọ̀ pé Grant ń ro ti òun, bí ibi tí òun wà bá sì le, yóò wá gba òun, àfi tí kò bá sí láyé. Ó tún là á mọ́lẹ̀ fún un pé kó má ṣe jókòó sí Washington. Grant kò sì jókòó síbẹ̀. Àárín àwọn ọmọ ogun ló pàgọ́ sí.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà Grant tó máa ń dùn mí. Ó ní ó yẹ kí òun kọ ti McPherson lọ́tọ̀, òun yóò sì kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, àyè ni kò sí nísinsìnyí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ìbọn pa McPherson lẹ́bàá Atlanta. Ẹni ọdún 35 ni. Ìyá àgbà rẹ̀, ẹni ọdún 87, kọ̀wé sí Grant nínú ọ̀fọ̀, Grant sì fèsì ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Ó yin McPherson gan-an nínú lẹ́tà yẹn.

Ẹ má ṣe sún ọpẹ́ tiyín sí ọjọ́ kan: àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti dé wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Wọn kò tíì lọ.