Yíyan Ẹ̀rọ Ohùn àti Ẹ̀rọ Àwòrán fún Ìyẹ̀wù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa)

 

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí yóò ṣe ilé láǹfààní. Nígbà tí a wo irú ẹrù tí ń wọ ìlú yìí ní àsìkò ọdún, a rí i pé tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti gbohùngbohùn kì í wọ́n láàárín ohun tí àwọn ọmọ wa ń rà fún àwọn òbí wọn. A sì tún rí i pé òmíràn nínú wọn kì í pé ọdún kan tí yóò fi di ohun tí à ń ká aṣọ lé. Òógùn ojú ọmọ ni a fi ra nǹkan wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju èyí lọ: ìyẹ̀wù ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó ra ẹ̀rọ tí yóò wọ inú rẹ̀.

Nígbà kan rí, kò sí yíyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí a fi wáyà so mọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ohun tí wáyà bá gbé wá ni onílé ń gbọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó ṣí i, kí ó pa á, kí ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀rọ náà wọ́n gógó nígbà náà, pálọ̀ ni à ń gbé e sí, kí ará ilé àti aládùúgbò lè jọ wò ó. Lónìí, ó ti wọ ìyẹ̀wù, oríṣiríṣi rẹ̀ sì kún ọjà. Níbi tí ohun yíyàn bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni a ti nílò ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó lọ sọ́jà, kí a mú téèpù, kí a wọn ibi tí orí ẹni yóò wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí dé ibi tí ẹ̀rọ yóò wà. Láti igun òkè ní apá kan dé igun ìsàlẹ̀ ní apá kejì ni a ti ń wọn ojú tẹlifíṣọ̀n. Bí ojú bá jìnnà sí i ní ìwọ̀n náà lọ́nà kan àti ààbọ̀, tàbí kí ó lé díẹ̀, yóò rí i dáadáa láìní ìnira. Ẹ̀rọ oní-íńṣì 32 ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti díẹ̀. Oní-íńṣì 43 ń fẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀. Oní-íńṣì 55 ń fẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Nínú yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú lóròó, bí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ bá ti gba àyè tiwọn, ó ṣòro kí a rí ju ẹsẹ̀ 6 tàbí 7 lọ. Oní-íńṣì 32 tàbí 43 tó fún irú yàrá bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá tóbi jù ú lọ, àlejò ni a rà á fún, kì í ṣe ẹni tí ń sùn níbẹ̀.

Kí a má ṣe gbé e dojú kọ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yóò bo àwòrán. Kí àárín rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ẹni tí ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí a bá so mọ́ ìsàlẹ̀ àjà yóò máa dun àgbàlagbà ní ọrùn. Kí a sì dè é mọ́ ògiri dáadáa, nítorí ọmọdé tí ń kọ́ ìrìn a máa di ohunkóhun mú, tẹlifíṣọ̀n tí ó bá sì já lu ọmọ lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ ohùn. Bí tẹlifíṣọ̀n ti ń fẹ́lẹ́ sí i ni gbohùngbohùn inú rẹ̀ ń kéré sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì kọ ẹnu sí ẹ̀yìn tàbí sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń rí ẹnu tí ń sọ̀rọ̀ láìgbọ́ ohun tí ó ń sọ. Gbohùngbohùn kékeré tí a gbé sí iwájú, tí ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, yóò ṣe wọ́n lóore ju kí a fi íńṣì mẹ́wàá kún àwòrán lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe jẹ́ kí iye wáàtì tí a kọ gàdàgbà sára páálí tàn yín jẹ. Èyí tí wọ́n bá kọ P.M.P.O. tẹ̀ lé, agbára ìṣẹ́jú kan péré kọ́ ni ó ń sọ, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ R.M.S. tẹ̀ lé ni agbára tí ẹ̀rọ lè fi ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Bí a bá sì sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 ni ohùn fi ń ga sí i, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan létí. Nínú ìyẹ̀wù, ọ̀rọ̀ tí ó já gaara ni à ń wá. Èdè wa fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ẹ, nítorí àmì ohùn ni ó ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ́. Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìròyìn Yorùbá sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi dùndún sí i. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí ìlù náà ń wí, ẹ̀rọ náà dára. Bí ó bá jẹ́ kìkì ìró tí ń mi àyà ni ẹ gbọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Kí ẹ sì má gbé gbohùngbohùn sí kọ̀rọ̀ yàrá, nítorí kọ̀rọ̀ a máa sọ ohùn tí ó wúwo di ariwo. Kọ́tìnì tí ó nípọn a máa pa gbohùn-gbohùn ògiri.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ohùn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Fún ọmọdé, 75 ni a gbà fún wákàtí 40. Àwọn irun tíntìntín tí ń gba ohùn nínú etí, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Ẹni tí kò bá ní ohun ìwọ̀n, kí ó fi èyí ṣe ìwọ̀n: bí ó bá di dandan kí ẹ pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìnà ọwọ́ tó gbọ́ yín, ohùn náà ti pọ̀ jù. Bí ọkọ bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù tí ìyàwó sì fẹ́ sùn, tàbí tí ó rí bẹ́ẹ̀ lódì kejì, íápíìsì yóò fi àlàáfíà sí àárín wọn; kí ohùn rẹ̀ má ṣáà kọjá ìdá 60 nínú 100.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ dákun, ẹ fetí sí apá yìí. Iná wa nílé ń ṣiṣẹ́ ní fólítì 230 tàbí 240, bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni a sì jọ ń lò. Ní Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 120 nìkan, bí a bá fi sínú iná wa tààrà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò tàn. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí ó bá jẹ́ 100–240 V, kò séwu, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, tàbí kí ẹ ra tiransifọ́mà mọ́ ọn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀nà tí Amẹ́ríkà fi ń rán àwòrán gba ojú afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí tiwa, nítorí náà eriali nìkan kò lè mú ẹ̀rọ tí a ṣe fún ọjà wọn ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Yóò máa fẹ́ dẹ́kódà.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ náà wà níbẹ̀. Sìtábíláísà kì í ṣe àfikún lásán. Bí òjò bá ṣú, kí a yọ púlọ́ọ̀gì àti wáyà eriali. Bátìrì fólítì 12 tí a kọ 100 Ah sí lára, bí a kò bá lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó má baà tètè bàjẹ́, lè gbé tẹlifíṣọ̀n oní-wáàtì 50 fún nǹkan bí wákàtí 10. Ó dára ju kí a tan jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé ẹni tí ń sùn lọ. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn. Kí ó wà níta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ó má sì kọ ẹnu sí fèrèsé.

Ní ti àwọn ọmọ, a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ọmọ tí ó bá wo tẹlifíṣọ̀n di òru, orí tábìlì ni yóò ti sùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún kan má ṣe wò ó rárá, kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Pálọ̀ ni ti ọmọ; kí ìyẹ̀wù wọn jẹ́ ti oorun.

Ní ìparí, a dábàá pé kí ọmọ tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ilé kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni ó wà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ògiri? Irú iná wo ni ẹ ń lò, wákàtí mélòó ni ó sì ń wà? Ta ni yóò lò ó, báwo sì ni ojú àti etí rẹ̀ ti rí? Kí ẹ̀yin ará ilé náà fi òtítọ́ dá a lóhùn, kí ẹ má ṣe tìtorí pé ẹrù aládùúgbò tóbi kí ẹ béèrè ohun tí yàrá yín kò gbà. Ohun kékeré tí bàbá ń fi gbọ́ ìròyìn lálaalẹ́ níyì ju ohun ńlá tí ó ti kú sí kọ̀rọ̀ lọ.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú wa máa ríran, kí etí wa máa gbọ́ ire, kí ìlú wa sì máa tẹ̀ síwájú.