Owó Kóòtù Kì í Ṣe Owó Ojú Rere
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ní ìpàdé ẹ̀ka)

 

Gbogbo wa mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gé owó kóòtù kù. Owó oṣù àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ń ti Àbújá wá. Ṣùgbọ́n owó oṣù tiwa àti ti àwọn májísíréètì, owó bébà, epo jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe òrùlé, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ó wà. Bí epo ọkọ̀ bá tán, akódà kò lè mú ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọ̀dọ̀ olùjẹ́jọ́. Wọn yóò sún ẹjọ́ síwájú. Ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Ìjọba tí ó di owó wa mú yìí kan náà sì ni aráàlú ń pè lẹ́jọ́ níwájú wa!

Òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Abala 121 òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí owó kóòtù ìpínlẹ̀ lọ tààrà sọ́wọ́ olórí kóòtù. Ní oṣù kìíní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá ẹgbẹ́ wa, JUSUN, láre. Àtúnṣe òfin ti 2018 tún un sọ. Síbẹ̀, a yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 2021. Ní oṣù kejì 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fagi lé àṣẹ tí Ààrẹ pa lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2020. Ṣùgbọ́n òfin fúnra rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nígbà ìyanṣẹ́lódì náà, ẹni tí ọlọ́pàá mú kò rí ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ béèlì rẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, nǹkan mẹ́ta:

Èkíní, ẹ má gba owó bébà lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́ láìjá rìsíìtì fún un. Mo mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá gbà á, ẹnu wa kò gbọ́dọ̀ bèèrè ẹ̀tọ́ mọ́.

Èkejì, bí ààyè bá há, ẹjọ́ àwọn tí ó wà ní àtìmọ́lé ni kí a kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀kẹta, ẹjọ́ tí a bá sún nítorí àìsí owó, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yìí ni a ó gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà ètò ìnáwó.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.