Íméèlì Àlòdànù: Ibi Tó Ti Wúlò àti Ibi Tó Ti Lè Kó Bá Yín

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí íméèlì tí a fi ń ra ọjà lórí ayélujára. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra páwà báǹkì kan lórí ìkànnì kan. Ọjà náà dé, ó sì dára. Inú íméèlì mi ni wàhálà wà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn tí n kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn rí ti ń kọ̀wé sí mi: oníbàtà, oníṣòwò aago, ẹni tó fẹ́ yá mi lówó. Lẹ́tà iṣẹ́ kan tí mò ń dúró dè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sáàárín wọn. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mo pinnu pé n kò ní fún ilé ìtajà kankan ní íméèlì mi gan-an mọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo íméèlì àlòdànù nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí ìkànnì bíi 10 Minute Mail, yóò fún yín ní àdírẹ́sì kan lójú ẹsẹ̀. Kò ní bèèrè orúkọ, kò ní bèèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ ó fi gba lẹ́tà tí ẹ fẹ́ gbà. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí ẹ kò fi àkókò kún un, ó parí nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi gan-an, àfi ìgbà tí mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún màmá mi.

Dókítà ti ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. ₦31,000 ni mo san. Ẹ̀rọ dé, a ki bátìrì bọ̀ ọ́, kò tàn. Mo pe àwọn tó tà á. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù kò bá mi ṣe agídí rárá. Ó ní, "Ẹ má bínú, a máa gbà á padà. Kóòdù tí ẹ máa fi dá a padà ti wà nínú íméèlì tí ẹ fi rà á. Ẹ kàn kà á sí mi létí."

Íméèlì wo? Èyí tó ti parẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti sanwó! Rìsíìtì mi náà ti bá a lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ránṣẹ́ sí òmíràn. Ó ní òun kò lè fi ọ̀rọ̀ oníbàárà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí kò sí lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ká sòótọ́, kò jẹ̀bi. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo ra ọjà?

Màmá mi bi mí pé, "Ṣé àdírẹ́sì tí o fún wọn kì í ṣe tìẹ ni?" N kò rí èsì fọ̀. Ìparí oṣù ni mo tó rí owó ra òmíràn fún wọn.

Ohun tí mo kọ́ rèé: àdírẹ́sì tó ń ti ara rẹ̀ pa yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè tì pa. Níbi tí owó yín bá ti wọ̀ ọ́, èkejì lẹ nílò.

Èyí tó ń ti ara rẹ̀ pa dára fún ibi tí ẹ kò ní padà sí, bíi ìkànnì tó ní kí ẹ fi íméèlì sílẹ̀ kí ẹ tó lè wo iye tí wọ́n ń ta ọjà. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Àpótí ọ̀fẹ́ ti Mailinator kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ àpótí náà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wò ó bí rìsíìtì yín bá wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé yín àti nọ́ńbà fóònù yín.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní alias. Èmi ń pè é ní íméèlì alárinà, nítorí iṣẹ́ alárinà ló ń ṣe. Lẹ́tà tó bá wọlé síbẹ̀, yóò gbé e wá bá yín nínú íméèlì yín gan-an, ẹni tó kọ ọ́ kò sì ní mọ ibi tó gbé e lọ. Firefox Relay ń fúnni ní díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. DuckDuckGo náà ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tó ń lo iPhone tí ẹ sì ń sanwó iCloud+, Hide My Email ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fún ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí oníbàtà bá ń yọ yín lẹ́nu, tí ẹ kò sì ní nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ ti tirẹ̀ nìkan pa.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Ká ní lẹ́tà kan wọlé tó ní báńkì yín ló kọ ọ́, pé kí ẹ tètè tẹ ibì kan. Ẹ wá wò ó, ẹ rí i pé àdírẹ́sì tí ẹ fún oníbàtà ló gbà wọlé. Irọ́ ni! Báńkì yín kò mọ àdírẹ́sì yẹn rí. Ẹ sì ti mọ ibi tó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ti jò.

Ẹ̀yin oní-Gmail lè fi àmì àròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ yín, bíi +bata, kí ẹ tó kọ @. Lẹ́tà yóò ṣì dé ọ̀dọ̀ yín. Ó dára fún yíya lẹ́tà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò bo nǹkan kan. Ẹni tó bá yọ +bata kúrò ti rí àdírẹ́sì yín.

Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ilé ìtajà pé kó má fi ìsọfúnni yín polówó ọjà fún yín mọ́. Ẹ lò ó.

Kí ẹ tó sanwó ọjà tó ń bọ̀, ẹ bi ara yín pé: "Bí ọjà yìí bá bàjẹ́, ṣé màá ṣì lè ka lẹ́tà wọn lóṣù mẹ́ta sí i?" Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí àdírẹ́sì padà kí owó tó jáde.

Màmá mi ń lo ẹ̀rọ tuntun yẹn láràárọ̀. Rìsíìtì rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ó dìgbà kan ná o.